Ìrun Ní Ìkáámà, Irun Kò Ní

Lẹ́yìn Ilé-Ìwé ni wọ́n pe ètò náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ funfun, wọ́n so ó mọ́ ògiri àgbàlá ilé kan tí wọ́n háyà ní Sáhírì, ní Mẹ́kà. Nínú gbogbo àwa ọmọ tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ láti àdúgbò Tandabawi, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń lọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn ilé-ìwé wo, nígbà náà? Wọ́n ní kí ẹni tí kò tíì jẹun wá ta eyín. Títí di òní, bí mo bá rántí aṣọ funfun yẹn, inú á bí mi, ẹ̀rín á sì tún pa mí.

Èmi kò lè ka ohun tó wà lára rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ alága àwọn tó ṣe ètò náà ló kà á fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oòrùn pa ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó kà á kó tó lọ. Ó túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ sí Lárúbáwá fún mi, torí pé Lárúbáwá ni àwa ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń bá ara wa sọ. Ó ní, "Fún àwọn masaakiin," àwọn tálákà. Ó wá nàka sí mi. Mo wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń tọ́ka sí.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Ó ń tú irun obìnrin kan lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mìsìkíìnì ni wọ́n pè ọ́? Ó dáa. Gba ìwé lọ́wọ́ wọn, kí o fi orúkọ náà sílẹ̀ fún wọn."

Ìyá mi báyìí, Hajj ló bá wá. Nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ wá ń palẹ̀ mọ́ láti padà, òun kò palẹ̀ mọ́. Ó háyà yàrá kan ní Tandabawi, ibẹ̀ ló sì bí mi sí. Irun ló ń dì. Bàbá mi ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ìwé nígbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti dá a padà sílé nípa ohun tí wọ́n ń pè ní tarihíìlì, ó sì ń dúró dè wá níbẹ̀. Ohun tí ìyá mi ń wá ni pé kí n mọ ìwé díẹ̀ kí àwa náà tó lọ. Mo mọ kéwú, mo lè ka Àlùkùránì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. A, B tí wọ́n fi ń kàwé nílé ni n kò mọ̀, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ọmọ tó dàgbà tó ọ, tó bá délé tí kò mọ A, àárín àwọn ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára ni wọ́n máa mú un jókòó sí. Orúnkún rẹ á ga ju tábìlì wọn lọ. O ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú tì mí níwájú ẹbí bàbá rẹ." Ohun tí mo fi ń lọ síbẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kì í ṣe jùsì.

Ní Jídà àti Mẹ́kà nígbà ayé wa, a kì í jọ ṣe ọmọ Yorùbá bákan náà. Àwọn dókítà, ẹnjiníà àti olùkọ́ fásitì wà, tí ìjọba Sáúdí fi kọ́ńtíráàtì mú wá, tí ilé wọn tutù bí omi àmù. Àwa náà sì wà. Ohun tó pààlà sáàárín wa ni ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní ìkáámà, ìwé ìgbélùú. Wọ́n ní in, a ò ní in. Ọ̀nà tí ìyá mi gbà tù mí nínú lórí ọ̀rọ̀ ìkáámà kò ní àfiwé. Ó ní, "Ìkáámà méjì ló wà nílùú yìí. Ọ̀kan ni ìwé tí ọlọ́pàá ń béèrè. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́sálásí tí ìrun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ayé á fi dìde tò. Èyí tí ọlọ́pàá ń béèrè kò kàn wá. Èyí tí Ọlọ́run fún wa, wọn ò lè gbà á. Tẹ́nikẹ́ni bá bi ọ́ ní ìkáámà, èyí tó o ní ni kó o pè fún un." Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, mo rò pé àṣẹ ló pa.

Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ìsinmi níbẹ̀ nígbà náà. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀gá á wa mọ́tò wá láti Jídà, wọ́n á yí Káábà ká, wọ́n á jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, wọ́n á wá fi àwa kún un kí láádá ọjọ́ náà lè pé. Bọ́ọ̀lù wà fún àwọn ọkùnrin, okùn fífò wà fún àwa obìnrin, n kò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìkíni á wà. Ọ̀rọ̀ ìyànjú á tẹ̀lé e. Ẹnì kan á dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú, ẹlòmíràn á sì fi àdúà tó gùn ju ọ̀rọ̀ ìyànjú lọ dì í. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Tiwọn kún àgbàlá.

Ẹnjiníà kan ló ń kọ́ wa ní eré ìdárayá. Ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó so fèrè mọ́rùn, ó wọ bàtà eré tuntun, àwa sì wà lẹ́sẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tí oòrùn ti yan. Á fọn fèrè, á ní ká sáré. A óò sáré. Á ní a ò gbé orúnkún sókè tó, pé eré sísá ní ọgbọ́n nínú. Èmi tí mo ti ń sá fún ọlọ́pàá láti ìgbà tí mo ti mọ ẹsẹ̀ í gbé, òun ló fẹ́ wá kọ́ mi lọ́gbọ́n eré sísá! Òun fúnra rẹ̀ kò sá eré kankan lójú wa rí.

Jùsì àti bisikíìtì náà wà. Wọ́n á pín in fún wa, wọ́n á sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ tíì mu ún, torí pé ẹni tó ń ya fọ́tò ṣì ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ká gbé e sókè. Ká rẹ́rìn-ín. Kí ọmọ kékeré yẹn bọ́ síwájú, aṣọ tirẹ̀ ló ya jù. Nígbà tí jùsì á fi dé ọ̀fun wa, ó ti gbóná. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Àwọn wọ̀nyí kò lóṣòó tì í nìkan, wọ́n tún ya fọ́tò rẹ̀.

Ìyàwó alága ló ń kọ́ wa ní ìwé. Dókítà ni ọkọ rẹ̀, ìyá mi ló sì ń bá a di irun nílé wọn ní Ṣarafíyà, ní Jídà. Ọ̀nà ibẹ̀ la fi gbọ́ nípa ètò náà. Obìnrin náà kò burú. Ohùn rẹ̀ dùn, ó máa ń fi ọwọ́ pa wá lórí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ní Ọjọ́bọ̀ kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀rọ̀ ìyànjú ti jẹ àkókò yòókù. Ọ̀sẹ̀ tí A wà, A ni mo jẹ, A ni mo mu. Mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri yàrá wa. B dé, C dé. Bí mo bá ti ti ibẹ̀ bọ̀, ìyá mi á ní kí n kọ tuntun náà sí àtẹ́lẹwọ́ òun, á máa wò ó bí ẹni ń wo làálì. Báyìí ni a ṣe rìn títí a fi dé G.

Ibi G ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ fásitì kan wà nínú ìgbìmọ̀ wọn tó dìde lọ́jọ́ náà, tó ní òun ti ń mú un mọ́ra láti orí C. Ó ní àwọn ọmọ yìí ti ń gbàgbé èdè abínibí wọn, Lárúbáwá ti gba ẹnu wọn, a ò sì tún gbọdọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì pa wọ́n. A, B, D ni ká kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn G, GB ló kàn. Ìyàwó alága ní H ló kàn. Olùkọ́ ní GB. Ẹnjiníà fọn fèrè kí wọ́n lè dákẹ́. Alága ní kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí a dúró lórí G ná títí wọn yóò fi jábọ̀.

A dúró lórí G. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, G la wà. À ń kọ G, à ń ya G, à ń fi G kọrin. Àwọn tó ń jiyàn mọ H, wọ́n mọ GB, wọ́n mọ gbogbo lẹ́tà dé òpin, wọ́n sì jókòó lé e lórí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kígbe pé ẹ fún mi ní H, ẹ fún mi ní GB, èyíkéyìí tó bá wù yín. Ìyá mi á bi mí nígbà tí mo bá délé, á na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Mo ní G ni. Ó ní, "G lẹ́ẹ̀kan sí i? Ṣé òun nìkan ni lẹ́tà tí wọ́n mọ̀ ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọlọ́pàá ìwé wọ Tandabawi, tí wọ́n kó èèyàn lọ. Ìròyìn náà dé Jídà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, a rí i pé àwọn ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pe ìrun Aláásárì ní gbogbo mọ́sálásí àyíká, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá, gbogbo wa ń dúró kí ìrun bẹ̀rẹ̀. Alága bọ́ síwájú wa. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ní ìkáámà nínú yín?"

Ó tún béèrè, ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Mo ní, ta ló ní ìkáámà?"

Mo rántí ìyá mi. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ sétí, mo sì fi gbogbo agbára mi pe èyí tí mo ní. Ẹ ò rí nǹkan! Ara wọn ti mọ ohùn yẹn láti kékeré, kò dúró béèrè lọ́wọ́ wọn. Kí n tó dé "kad kaamatis-salaa," èyí tó ní ìrun ti bẹ̀rẹ̀, dókítà, ẹnjiníà, olùkọ́ fásitì, gbogbo wọn ti dìde, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ to ẹsẹ̀, èjìká to èjìká. Alága ti yíjú síwájú bíi lèmọ́ọ̀mù, ó ti fẹ́ gbọ́wọ́ sókè kábàrá. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ fásitì bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé ọmọdébìnrin ló pè é.

"Astagfirulláì!"

Àwa ọmọ bú sẹ́rìn-ín, a yí gbirigbiri lórí ẹní. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ìkáámà tí obìnrin pè mú ìrun àwọn ọkùnrin, bóyá ọmọdé dà bí obìnrin, bóyá kí wọ́n tún un pè. Àkókò tí wọ́n lò lórí ìyẹn pọ̀ ju èyí tí wọ́n lò lórí wa lọ. Nígbẹ̀yìn, ẹnjiníà tún un pè, wọ́n sì kírun.

Bí alága ti sálámà tán, ó yíjú sí wa, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn nífẹ̀ẹ́ wa gan-an. Ó ní ṣùgbọ́n òfin lòfin, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó jókòó sílé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ títí Ọlọ́run yóò fi ṣe ọ̀nà. Mo wo ìyàwó rẹ̀. Ó ń ká àwòrán lẹ́tà rẹ̀ jọ, kò wojú mi.

Ẹ̀rù ló bà wọ́n, mo mọ̀. Iṣẹ́ wọn lè bọ́. Èmi kò ní sọ pé ẹ̀rù kì í ṣe nǹkan, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ìyá mi tí ẹ̀rù ń bà lójoojúmọ́ kò gbé aṣọ funfun kọ́ sára ògiri, kó pe ara rẹ̀ ní aláàánú àwọn tálákà. Ọmọ tó ní ìkáámà, àwọn ló bí i. Ilé-ìwé gidi ló ń lọ, oòrùn Sáhírì kò sì wù ú. Ta ni wọ́n wá fẹ́ máa fọn fèrè fún?

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, n kò mọ̀ bóyá yóò nà mí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n tún ibi tí alága ti fẹ́ gbọ́wọ́ sókè sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lẹ́tà wo lẹ dé?" Mo ní G.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó alága ránṣẹ́ pè é. Àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti ilé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣe ìkíni káàbọ̀, ó sì fẹ́ di ṣùkú. Ìyá mi bo ojú rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ mọ́tò lọ sí Jídà. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kì í sábà yọ obìnrin tó bojú lẹ́nu. A gun àtẹ̀gùn ilé wọn ní Ṣarafíyà. Ìyàwó alága ní, "Onídìrí, o ṣeun tó o tètè dé." Onídìrí ni wọ́n máa ń pè é. Hajj tí ìyá mi ti ṣe pọ̀ ju tàwọn àlàájà tó ń bá di irun lọ, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn dé Mínà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó pè é ní Àlàájà rí nínú wọn.

Ó jókòó, ó fi òòyà ya irun náà sí méjì láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Ó mú apá ọ̀tún. Irun náà dára lójú bí ó ti ń dì í lọ, ó wẹ́, ó mọ́. Nígbà tí ó parí apá ọ̀tún, ó kó òòyà sínú àpò, ó dìde, ó sì gbé ìbòjú rẹ̀.

"Onídìrí, kí ló dé? O fẹ́ kírun ni?"

"Rárá o, Àlàájà. Mo ti parí ni."

"O ti parí kẹ̀? Apá kan ńkọ́?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àlàájà. Alága ní ẹni tí kò ní ìkáámà kó jókòó sílé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fọwọ́ kan orí yín, ẹ ò bi mí ní ìkáámà rí. Mo wá rò ó, mo ní bóyá ìrun ló ní ìkáámà, irun kò ní."

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn lo ṣì ń bá kiri? Èmi kọ́ ni mo lé e. Jọ̀ọ́, jókòó, àlejò ń bọ̀ lọ́la."

"Ẹ wà níbẹ̀, Àlàájà. Ibi tí ẹ bá ọmọ mi dé lèmi náà bá orí yín dé. Ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré, kí wọ́n yẹ apá kejì wò."

A ti dé àárín àtẹ̀gùn nígbà tí obìnrin náà yọjú, ó fi ọwọ́ bo apá òsì orí rẹ̀. "Àlàájà!" ló pe ìyá mi. "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyá mi kò padà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé pé n kò mọ H.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Jídà, kò sì sí ìyàwó ọ̀gá kan tó tún pe ìyá mi wá di irun. Ọwọ́ ọlọ́pàá ìwé tẹ̀ wá nígbà tó yá, wọ́n kó wa sí tarihíìlì, a sì délé. Ìyá mi mú mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ilé bàbá mi. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n ka lẹ́tà tí mo mọ̀. Mo kà á, mo gbé ohùn sókè kí ìyá mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. Mo kà á dé G, mo dákẹ́.

"Ó tán?" ọ̀gá béèrè. "Kí ló kàn?"

"Wọ́n ṣì ń ṣèpàdé lé e lórí, mà."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí sí kíláàsì kìn-ín-ní láàárín àwọn ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára, orúnkún mi sì ga ju tábìlì lọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti wí. Olùkọ́ kíláàsì náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní fèrè, tí kò ní ìgbìmọ̀. Ó mú ẹfun, ó kọ H sójú pátákó, ó ní ká pè é, a pè é, ó sì kọ I tẹ̀lé e. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, ó ní ó kan Yorùbá. Ó kọ GB. Mo gbé orí lé tábìlì kékeré yẹn, mo sunkún, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó yí mi ká sì ń wò mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi mú mi sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń di irun mi. Mo sọ fún un pé mo ti mọ H, mo sì ti mọ GB. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi.

"Ọjọ́ kan náà?"

"Ọjọ́ kan náà ni, Màmá."

Ó pòṣé, èyí tó gùn. Lẹ́yìn náà ló mú òòyà, ó sì di irun mi láti apá ọ̀tún dé apá òsì, títí ó fi parí.